Pẹpẹ àti Kèrègbè

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ọ̀rọ̀ ìrànlọ́wọ́ láàárín èwe àti àgbà la sábà máa ń fi òwe yìí sọ. Àmọ́ ẹ wo ìjọba tó bu owó ìtanràn lé ilé-iṣẹ́ tó fìdí kalẹ̀ sí ilẹ̀ mìíràn: òwe náà bá a mu wẹ́kú.

Clearview AI, ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà, ṣa àwòrán ojú àìmọye ènìyàn jọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì láìgbàyè lọ́wọ́ wọn, ó sì ń ta ìlò rẹ̀ fún ọlọ́pàá. Ní 2022, Ítálì, Gíríìsì àti Faransé, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn bu mílíọ̀nù 20 yúrò lé e. Nígbà tí kò pa àṣẹ mọ́, Faransé fi mílíọ̀nù 5.2 kún un ní 2023. Nẹ́dálándì bu mílíọ̀nù 30.5 lé e ní 2024. Ṣùgbọ́n Clearview kò ní ọ́fíìsì ní Yúróòpù. Kò sí àga kan tí wọ́n lè gbẹ́sẹ̀ lé. Pẹpẹ tí ọwọ́ kò tó nìyẹn.

Ṣé Amẹ́ríkà, tí ọwọ́ tirẹ̀ tó o, kò lè bá wọn gbà á ni? Ibẹ̀ ni kèrègbè wà. Láti 1825 ni Adájọ́ Àgbà Amẹ́ríkà, John Marshall, ti là á kalẹ̀ pé ilé ẹjọ́ ilẹ̀ kan kì í bá ilẹ̀ mìíràn mú òfin ìjìyà ṣẹ. Ẹjọ́ ọkọ̀ Antelope, tó kó ọmọ Áfíríkà lẹ́rú, ló ti sọ ọ́. Ó dùn mí pé ibẹ̀ ni òfin náà ti rẹ́sẹ̀ walẹ̀.

Ti MTN, ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù tí orírun rẹ̀ jẹ́ South Africa, yàtọ̀. Ní 2015, NCC, àjọ tó ń bójú tó ètò ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà, bu N200,000 lé e lórí líìnì kọ̀ọ̀kan tí kò ní ìforúkọsílẹ̀ tó péye tí kò sì gé: N1.04 tírílíọ̀nù lápapọ̀. Wọ́n dúnàádúrà títí ó fi di N330 bílíọ̀nù ní 2016, ó sì san án tán ní 2019. Òpó rẹ̀, ìwé àṣẹ rẹ̀ àti oníbàárà rẹ̀, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n wà.

Láàárín ara wọn, àwọn ará Yúróòpù ti ṣe àdéhùn láti 2005 pé ilẹ̀ kan lè bá èkejì gba irú owó ìtanràn kan, bó bá ti tó 70 yúrò, lọ́wọ́ ènìyàn tàbí ilé-iṣẹ́. Ilẹ̀ tó gbà á ló sì sábà ń ni owó náà. Ẹ̀yin aṣòfin Àbújá, kí ẹ tó fi kún iye owó ìtanràn inú òfin wa, ẹ bá Benin, Tógò àti Gánà jókòó lórí irú àdéhùn yìí.