Ẹrù tí A Kò Kà ní Asawase

Kì í ṣe níwájú adájọ́ nìkan ni ènìyàn ti í pàdánù dúkìá rẹ̀. Ní ọjọ́ 18 oṣù November, ọdún 1969, ìjọba Dókítà K. A. Busia ní Gánà pàṣẹ pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé àṣẹ ìgbélùú gba ọ̀kan láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kí wọ́n kúrò nílùú. Gbèsè àti àìríṣẹ́ṣe ń dààmú Gánà nígbà náà, kò sì sí ẹni tí yóò jiyàn pé ìjọba kò lágbára láti pinnu ẹni tí yóò gbé ilẹ̀ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí ni ó ṣẹlẹ̀ sí ohun ìní wọn? Ìkànìyàn ọdún 1960 fi hàn pé àwọn Yorùbá tó 100,000 ní Gánà. Wọ́n ti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀ffà, Ìnísà àti Èjìgbò wá, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wọn ni a sì bí síbẹ̀. Ní Asawase àti Zongo ní Kumasi, oníṣòwò tí ó ní ìsọ̀, ilé àti àwìn nígboro kò lè kó gbogbo rẹ̀ jọ ní ọjọ́ mẹ́rìnlá. Ó ta ọjà ní ọ̀pọ̀, ó fi ilé sílẹ̀, àwìn sì di àwátì. A kò pè é lẹ́jọ́, a kò dá a lẹ́bi, síbẹ̀ ó pàdánù. Nígbà tí ó di ọdún 1970, òfin mìíràn fi òwò kéékèèké sílẹ̀ fún ọmọ Gánà nìkan.

Títí di òní, àwọn òǹkọ̀wé ìtàn kò fẹnu kò lórí iye ènìyàn tí ó lọ: àwọn kan kà wọ́n sí nǹkan bí 200,000, àwọn mìíràn sọ pé wọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Bí a kò bá mọ iye ènìyàn, ta ni yóò mọ iye ìgàn aṣọ?

Nàìjíríà náà kò yàtọ̀. Ní oṣù January, ọdún 1983, ìjọba Ààrẹ Shehu Shagari fún àwọn àjèjì tí kò níwèé ní ọ̀sẹ̀ méjì. Ọmọ Gánà ni ó pọ̀ jù nínú wọn.

Nínú iṣẹ́ ìbẹ̀wò ilé-ẹ̀kọ́ tí mo ń ṣe, ìwé ẹrù ni mo kọ́kọ́ ń béèrè: àga mélòó, ta ni ó gbà wọ́n, ta ni ó buwọ́ lù ú? Ohun tí à ń béèrè lọ́wọ́ olùkọ́ nítorí àga, ó yẹ kí á béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ìjọba nítorí ilé. Kí ó kọ orúkọ ẹni tí ó ni ín, kí ó kọ iye rẹ̀, kí ó sì jíhìn fún aráàlú. Ìjọba tí ó jẹ́ kí ohun ọlọ́hun lọ láìkọ ọ́ sílẹ̀ ti gba ẹ̀rí olúwarẹ̀ pẹ̀lú.