Pópó Àgùdà ní Èkó àti ní Àjàṣẹ́: ilé ìtàn, ilé eré

1. Ọ̀rọ̀ ìṣáájú

Bí àlejò bá dé Èkó, tó sì béèrè ibi tó yẹ kí òun lọ wò, ìdáhùn méjì ni yóò gbọ́. Àwọn kan yóò rán an lọ síbi fàájì: etí òkun, ilé sinimá, ilé ijó òru. Àwọn mìíràn yóò rán an lọ síbi ìtàn: ilé àtijọ́, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí àtijọ́, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà ní Oníkan. Wọn yóò sọ ọ́ bí ẹni pé àwọn tó ń ṣe fàájì kò mọ àwọn tó ni ìtàn rí. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé ní Pópó Àgùdà, ní Erékùṣù Èkó, abẹ́ òrùlé kan náà ni eré àti ìtàn jọ ń gbé, àti pé níbi tí eré bá ti kúrò, ilé kì í pẹ́ wó. Ọ̀rọ̀ náà kan àwa ará Àjàṣẹ́, tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo, nítorí pé àwa náà ní àwọn Àgùdà tiwa.

Ọmọ Àjàṣẹ́ ni mí. Ilé-ẹ̀kọ́ Faransé ni mo lọ láti kékeré, ibẹ̀ ni mo sì ti kọ́kọ́ ka ìtàn àwọn Àgùdà, lábẹ́ orúkọ « Afro-Brésiliens ». Máàpù tí olùkọ́ wa gbé kọ́ ara ògiri parí sí Kraké, níbi ẹnubodè. Ṣùgbọ́n nílé, ìyá àgbà mi kì í sọ̀rọ̀ Àgùdà kó má dárúkọ Èkó. Àárín máàpù yẹn àti ọ̀rọ̀ ìyá àgbà ni ìwádìí mi ti bẹ̀rẹ̀.

2. Àwọn tó ti òkun bọ̀

Àgùdà ni à ń pe àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brazil, tí àwọn tàbí ọmọ wọn sì padà wá sí ilẹ̀ wa. Ní ọdún 1835, àwọn Mùsùlùmí kan, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ Yorùbá, ṣọ̀tẹ̀ ní Bahia. Lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ yìí, ìjọba ibẹ̀ fúngun mọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú tó ti gba òmìnira. Wọ́n lé àwọn kan kúrò nílùú. Àwọn mìíràn fúnra wọn wá ọkọ̀ tó ń bọ̀ wálé. Èkó, Àgbádárìgì, Àjàṣẹ́ àti Ouidah wà lára ibi tí wọ́n gúnlẹ̀ sí. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó ní 1861, àwọn tó ń padà síbẹ̀ pọ̀ sí i. Adúgbò tí wọ́n tẹ̀dó sí ni Pópó Àgùdà, níbi tí òpópónà kan ti ń jẹ́ Tòkunbọ̀ títí dòní.

Wọ́n mú iṣẹ́ ọwọ́ bọ̀: bíríkìlà, káfíńtà, aránṣọ. Bíríkìlà Àgùdà kan, João Baptista da Costa, ló kọ́ Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní 1894. Ẹni tó bá ti rí mọ́ṣáláṣí ńlá Àjàṣẹ́, tí wọ́n kọ́ láàárín 1912 sí 1935, tí ojú rẹ̀ dà bí ti ṣọ́ọ̀ṣì Bahia, yóò rí i pé ẹ̀kọ́ kan náà ni àwọn oníṣẹ́ méjèèjì kọ́. Ní òpópónà Kakawa, ìdílé da Rocha, tí wọ́n jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀ṣà, kọ́ ilé kan tí ará Èkó ń pè ní Ilé Omi, nítorí pé inú kànga rẹ̀ ni àwọn èèyàn ti ń ra omi. Ilé yìí ni Antonio Olinto, ọmọ Brazil, fi ṣe ìpìlẹ̀ ìtàn àròsọ rẹ̀, A Casa da Água, tó jáde ní 1969.

3. Eré tí wọ́n mú bọ̀

Ìwé sábà máa ń dúró níbi fèrèsé àti òpó. Bẹ́ẹ̀, àwọn tó mú ìmọ̀ bíríkìlà bọ̀ mú eré bọ̀ pẹ̀lú. Ní Èkó, kárétà ni wọ́n ń pè é: ìwọ́de aláṣọ aláràbarà, pẹ̀lú ìlù àti fèrè, lásìkò Kérésìmesì àti Àjíǹde. Adúgbò kọ̀ọ̀kan ló ní aṣọ àti àwọ̀ tirẹ̀. Gbàgede Campos, tó ń jẹ́ orúkọ ìdílé Àgùdà kan, wà lára ibi tí wọ́n ti ń péjọ. Ní ọjọ́ Jímọ̀ Rere, ẹ̀wà tí wọ́n fi omi àgbọn sè, tí wọ́n ń pè ní fúrẹ́jọ̀n, ni wọ́n ń jẹ. Ní ìparí ọ̀rúndún 19, àwọn Àgùdà Èkó tún ní ẹgbẹ́ eléré tíátà tiwọn.

Ní Àjàṣẹ́, orúkọ tí àwa mọ̀ ni Bourian. Inú èdè Potogí ló ti wá. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kékeré ni ó túmọ̀ sí. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún, nígbà ọdún Nosso Senhor do Bonfim, àwọn tó da aṣọ borí, tí wọ́n ṣe bí ẹranko àti bí òmìrán, máa ń jáde pẹ̀lú orin Potogí. Ní 1889, àwọn Faransé àti àwọn Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí ìwé ààlà tó fi Àjàṣẹ́ sọ́dọ̀ Faransé, tó fi Èkó sọ́dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ọmọ ìdílé kan náà wá bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ èdè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́. Eré ni kò gba ìwé ààlà náà gbọ́.

Erékùṣù Èkó kò sì fi eré mọ sọ́dọ̀ àwọn Àgùdà nìkan. Ní gbọ̀ngàn Glover ni wọ́n ti fi sinimá han ará Èkó fún ìgbà àkọ́kọ́ ní 1903. Ibẹ̀ náà ni Hubert Ògúndé ti gbé eré rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1944. Láti àwọn ọdún wọ̀nyẹn ni ẹni tó ń wá fàájì àti ẹni tó ń wá ìtàn ti ń rin òpópónà kan náà.

4. Ilé tí mi ò wọ̀

Ní 2015, nígbà tí mo wà ní ọdún kejì ní yunifásítì, mo tẹ̀lé ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń lọ rajà ní Èkó. A gba ẹ̀gbẹ́ Gbàgede Tinúbú kọjá, mo sì rí ilé alájà kan, ẹnu ọ̀nà àti fèrèsé rẹ̀ tẹ̀ bí ọrun, irú èyí tí mo mọ̀ ní Àjàṣẹ́. Ilojo Bar ni wọ́n ń pè é. Ìdílé Fernandez, Àgùdà, ló ni ín ní ọ̀rúndún 19. Ó ṣe ilé ọtí àti ilé oúnjẹ rí. Ní 1933, Alfred Ọláìyá rà á. Ọmọ rẹ̀ ni Victor Ọláìyá, afọnfèrè háíláìfù tí gbogbo ayé mọ̀. Ní 1956, ìjọba kọ ilé náà sínú ìwé àwọn ohun ìrántí orílẹ̀-èdè.

Mo ní kí ẹ̀gbọ́n mi jẹ́ kí a wọlé. Ó ní ọjà ń dúró dè wá. Mo ní màá padà wá. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016, wọ́n wó o palẹ̀.

Ọgọ́ta ọdún ni orúkọ ilé yẹn fi wà nínú ìwé ìjọba. Ìwé náà kò gbà á là. Ilẹ̀ wọ́n ní Erékùṣù Èkó, ẹni tó ni ilé àtijọ́ sì mọ iye tí ilẹ̀ òfìfo yóò mú wá. Ṣùgbọ́n mo ṣàkíyèsí ohun kan: ìgbà tí mo rí i, kò sẹ́ni tó ń mu, kò sẹ́ni tó ń jó níbẹ̀ mọ́. Bar kù lórúkọ lásán.

5. Ilé tí wọn kò tà

Nígbà tí mo padà lọ fún ìwádìí oyè ọ̀mọ̀wé, ọ̀sẹ̀ Àjíǹde ni mo dé Pópó Àgùdà, pẹ̀lú téèpù ìwọnlé lọ́wọ́. Mo dọ̀bálẹ̀ kí ìyá àgbàlagbà kan tó jókòó níwájú ilé rẹ̀, mo sì bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí n wọn fèrèsé.

“Ọmọ ibo ni ọ́?”

“Ọmọ Àjàṣẹ́ ni mí, màmá.”

“Háà, Àjàṣẹ́! Ìdílé wa wà níbẹ̀. Wọlé. Ṣùgbọ́n má tẹ aṣọ mọ́lẹ̀ o.”

Inú pálọ̀ kún fún aṣọ kárétà tí àwọn ọ̀dọ́ ń rán. Mo béèrè ọdún tí wọ́n kọ́ ilé náà. Ìyá kò dá mi lóhùn, aṣọ ló ń ṣàlàyé fún mi. Nígbà tí mo béèrè bóyá àwọn tó ń ra ilẹ̀ ti wá bá wọn, ó rẹ́rìn-ín.

“Wọ́n ti wá. Mo ní, bí mo bá tà á fún yín, níbo ni àwọn ọmọ yìí yóò ti máa rán aṣọ ọdún?”

Mo ká téèpù mi kò. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé ìbéèrè mi kò pé.

6. Àríyànjiyàn kan

Ẹnìkan lè sọ pé fàájì máa ń ba ìtàn jẹ́. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo kọ́kọ́ wọ Freedom Park, ní òpópónà Broad. Ẹ̀wọ̀n àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Herbert Macaulay wà lára àwọn tí wọ́n tì mọ́ ibẹ̀. Láti 2010 ni ó ti di ọgbà ìgbafẹ́. Àwọn èèyàn ń jẹ, wọ́n ń gbọ́ orin, nínú ọgbà kan náà tí wọ́n ti ń so ẹlẹ́wọ̀n rọ̀. Ara mi kò lélẹ̀. Ṣùgbọ́n àmì ibi tí yàrá ẹlẹ́wọ̀n wà kò parẹ́ níbẹ̀, mo sì rí ọ̀dọ́ tó wá nítorí orin, tó dúró ka àkọlé. Bí kò bá sí orin, kò ní wá. Èyí tó yẹ ká bẹ̀rù ni eré tí kò mọ ibi tó dúró sí, kì í ṣe gbogbo eré.

7. Ìkádìí

Ní Àjàṣẹ́, òjò ń wó ilé Àgùdà wa lọ́kọ̀ọ̀kan. A ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé da Silva, ó sì dára. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ilé ló lè di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, kò sì yẹ kí gbogbo wọn dì í.

Mo ti ń kọ orúkọ àwọn ilé Àgùdà ìlú wa jọ. Tẹ́lẹ̀, ohun tí mo ń kọ ni ẹni tó ni ilé, ọdún tí wọ́n kọ́ ọ, àti bí òrùlé rẹ̀ ṣe wà. Nígbà tí mo ti Èkó dé, mo fa ìlà kan sí i: eré wo ni wọ́n ń ṣe níbí, aṣọ Bourian ta ni wọ́n ń tọ́jú síbí, ọbẹ̀ ọdún wo ni wọ́n ń sè ní àgbàlá? Níwájú àwọn ilé kan, mo ní láti kọ pé “kò sí mọ́.” Àwọn ilé wọ̀nyẹn ni mo máa kọ́kọ́ lọ wò kí òjò tó bẹ̀rẹ̀.