Yunifọ́ọ̀mù Méjì ní Ṣágámù: Ohun Tí Òbí Ń Wò Lára Ilé-Ìwé Àdúgbò

  Ẹ̀yin tí dátà ò jẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ, tàbí tí ẹ wà nínú mọ́tò tí ariwo pọ̀, ọ̀rọ̀ tí mo sọ gan-an la kọ sílẹ̀ yìí. Ẹ máa kà á bọ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gun ọ̀kadà ní Ṣágámù láàárọ̀ kùtùkùtù, mò ń lọ sí Sábó. Ọ̀nà kún fún àwọn ọmọ iléèwé. Àwọn kan ń fẹsẹ̀ rìn nínú yunifọ́ọ̀mù ilé-ìwé ìjọba. Àwọn kan jókòó sínú bọ́ọ̀sì, àwọn mìíràn wà ní mẹ́ta mẹ́ta lẹ́yìn ọlọ́kadà, táì lọ́rùn, ìbọ̀sẹ̀ funfun lẹ́sẹ̀. Ọlọ́kadà tó gbé mi nawọ́ sí ilé-ìwé ìjọba kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó ní, "Bùọ̀dá, ibí yìí ni mo ti kàwé o. Àmọ́ ọmọ tèmi ò lè débẹ̀ láéláé."

Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní, "Ta ló kù níbẹ̀?"

Kò mẹ́nu ba tísà, kò mẹ́nu ba òrùlé tó ń jò. Ohun tó wò ni àwọn tó kù níbẹ̀. Ìbéèrè yẹn ń tẹ̀ lé mi kiri láti ọjọ́ náà, nítorí pé oṣù kẹsàn-án tó ń bọ̀ ni ọmọbìnrin wa máa wọ praimárì wáànù, èmi àti ìyá rẹ̀ ò sì tíì fẹnu kò lórí ibi tó máa lọ. Mo wá ní kí n wo ẹ̀yìn wò. Àwọn òbí tó wà ní Rẹ́mọ ṣáájú wa, kí ni wọ́n ń wò lára ilé-ìwé kí wọ́n tó fi ọmọ síbẹ̀?

Nígbà tí ilé-ìwé jẹ́ ti ìjọ

Kí ìjọba tó gba ilé-ìwé sọ́wọ́, àwọn ìjọ Ọlọ́run ló ni wọ́n, pàápàá Áńgílíkà àti Mẹ́tọ́díìsì níhà ọ̀dọ̀ wa. Ohun àkọ́kọ́ tí òbí ń rò nígbà náà ni pé, ṣé ọmọ mi máa padà wálé gẹ́gẹ́ bí ọmọ mi? Bàbá tó jẹ́ Mùsùlùmí mọ̀ pé ọmọ tó bá wọ ilé-ìwé ìjọ lè gba orúkọ mìíràn bọ̀. Ẹ̀rù yìí wà lára ohun tó mú kí àwọn Mùsùlùmí kan ní Èkó dá ẹgbẹ́ Ansar-Ud-Deen sílẹ̀ ní ọdún 1923, tí wọ́n sì ń kọ́ ilé-ìwé tiwọn káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Wọn ò bá ìwé jà. Wọ́n fẹ́ ìwé, wọ́n sì fẹ́ kí ọmọ wọn máa kírun lọ.

Ohun kejì ni iṣẹ́ oko. Gbogbo wa mọ obì Ṣágámù, òun ló kó àwọn Hausa wá sí Sábó. Obì ò ṣeé fi sílẹ̀. Wọ́n á ká a, wọ́n á là á, wọ́n á bó o, wọ́n á ṣà á, ọwọ́ ọmọdé sì wúlò nínú gbogbo iṣẹ́ yẹn. Òbí tó rán ọmọ lọ síléèwé pàdánù òṣìṣẹ́, ó tún san owó lé e. Ọ̀pọ̀ ilé ló jẹ́ pé ọmọ kan tàbí méjì ni wọ́n máa mú lọ. Àwọn ọmọbìnrin ló sì sábà máa ń kù sílé.

Ẹ wo ọmọ kan tí wọ́n bí ní Ìkẹ́nnẹ́ lọ́jọ́ 6 oṣù kẹta ọdún 1909. Bàbá rẹ̀, Dáfídì Ṣópólú, àgbẹ̀ ni, ó sì tún ń la gẹdú. Ó fi ọmọ náà síléèwé. Ní 1920, bàbá kú, ọ̀nà ìwé ọmọ náà sì dàrú. Ó di ẹni tó ń bá àwọn ènìyàn ṣiṣẹ́ kó tó lè rí owó ilé-ìwé san. Orúkọ ọmọ náà ni Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Tí ẹ bá gbọ́ ìtàn ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, ẹ rántí pé ẹni tó gbé e kalẹ̀ mọ bó ṣe rí kí ìwé ọmọ dúró nítorí pé olówó rẹ̀ ti kú.

Ṣílè mẹ́wàá àti sísì

Ní oṣù keje 1952, S. O. Awókọ́yà, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn, gbé ètò kan síwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Ìbàdàn: gbogbo ọmọ á lọ síléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n owó dà? Ìjọba ní kí àwọn tó ń san owó orí fi ṣílè mẹ́wàá àti sísì kún un fún ẹ̀kọ́ àti ìlera.

Ariwo ta! Ẹ̀yin tí ẹ rò pé nítorí owó epo nìkan ni àwọn ènìyàn ti ń bínú sí ìjọba, ẹ bi àwọn bàbá yín àgbà léèrè. Ẹgbẹ́ alátakò NCNC gbé ọ̀rọ̀ owó orí yìí kiri ìlú. Nígbà tó di ìdìbò ìjọba àpapọ̀ ní 1954, NCNC gba àga 23 ní Ìwọ̀-Oòrùn, Action Group ti Awólọ́wọ̀ gba 18. Ẹgbẹ́ tó ń ṣèjọba fìdí rẹmi nílé ara rẹ̀.

Bí ẹnì kan bá fi ìbò yẹn ṣe òṣùwọ̀n, á ní àwọn òbí ò fẹ́ ilé-ìwé. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ 17 oṣù kìíní 1955, ọjọ́ tí ètò náà bẹ̀rẹ̀. Ní 1954, ọmọ 456,600 ló wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn. Ní 1955, wọ́n di 811,432. Ọdún kan péré o! Kò sì sẹ́ni tó fi ọlọ́pàá lé òbí kankan, nítorí pé wọ́n ti yọ ọ̀rọ̀ dandan kúrò nínú ètò náà. Òbí tó bínú dìbò lòdì sí owó orí, òun náà ló fa ọmọ lọ́wọ́ lọ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀.

Ìdí nìyí tí mi ò fi máa ń gba ohun tí òbí bá fẹnu sọ nípa ilé-ìwé gẹ́gẹ́ bí òpin ọ̀rọ̀. Mo máa ń wo ibi tí ẹsẹ̀ ọmọ wọn bá kọjú sí.

"Sítáńdáàdì Síìsì àtijọ́ dáa jù ú lọ"

Kò pẹ́ tí àwọn òbí fi bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn. Ẹ ó ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn àgbà: ẹni tó ka Sítáńdáàdì Síìsì láyé ọjọ́un lè kọ lẹ́tà sí gómìnà, ọmọ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ò lè kọ lẹ́tà sí ìyá rẹ̀. Ṣé òótọ́ ni?

Òótọ́ wà níbẹ̀, àmọ́ ó lábùlà. Àkọ́kọ́, ọdún mẹ́jọ ni Sítáńdáàdì Síìsì: ọdún méjì ní jẹ́lé-ó-sinmi, mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀. Ètò 1955 sọ ọ́ di ọdún mẹ́fà péré. Òbí tó ń fi ọmọ Praimárì Síìsì wé ọmọ Sítáńdáàdì Síìsì ń fi ọdún mẹ́fà wé mẹ́jọ. Èkejì, àwọn tó dé Sítáńdáàdì Síìsì láyé ọjọ́un, àṣẹ́kù ni wọ́n. Àwọn tí owó tán lọ́wọ́ òbí wọn ti já bọ́ lójú ọ̀nà, àwọn tó fìdí rẹmi nínú ìdánwò náà ti padà sóko. Àwọn tó là á já nìkan là ń rántí.

Ṣùgbọ́n òbí ò parọ́ nípa tísà. Tí ọmọ bá fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì lọ́dún kan, níbo lo ti fẹ́ rí tísà tó kọ́ṣẹ́ fún gbogbo wọn? Ìjọba kó ọ̀pọ̀ tí ò kọ́ṣẹ́ olùkọ́ rárá wọ kíláàsì. Ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ìwé ló ń kọ́ ọmọ tí ò fi bẹ́ẹ̀ kéré sí i.

Ìparí 1960 ni ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní praimárì wáànù lọ́dún 1955 jáde. Ìparí ọdún yẹn kan náà ni ìjọba yan ìgbìmọ̀ kan, S. A. Bánjọ ni alága rẹ̀, pé kí wọ́n lọ wo ètò ẹ̀kọ́ Ìwọ̀-Oòrùn fínnífínní. Nígbà tí ìròyìn wọn jáde ní 1961, ọ̀rọ̀ tísà tí ò kọ́ṣẹ́ wà lára ohun tí wọ́n tọ́ka sí pé ó fa ìmọ̀ wálẹ̀.

Mo fẹ́ kí ẹ dúró díẹ̀ níbí. Ìráhùn ìgbà yẹn dé etí ìjọba débi tí wọ́n fi yan ìgbìmọ̀. Èrò tèmi lórí ìdí rẹ̀ ni pé, yàtọ̀ sí ìwọ̀nba ọmọ olówó ní àwọn ìlú ńláńlá, ilé-ìwé kan náà ni gbogbo ọmọ ń lọ. Ọmọ akọ̀wé, ọmọ télọ̀, ọmọ àgbẹ̀ àti ọmọ tísà fúnra rẹ̀ jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan. Tí bẹ́ǹṣì yẹn bá ṣẹ́, ọmọ ẹni tó lè kọ̀wé sí ìwé ìròyìn wà lára àwọn tó ṣubú.

Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ kejì

Ní 1956, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ mìíràn gba ọ̀nà tiẹ̀ yọ. Lọ́jọ́ 27 oṣù kìíní ọdún náà, Táí Ṣólàrín dá Mayflower School sílẹ̀. Ilé-ìwé girama ni. Kò sí àdúrà àárọ̀, kò sí ẹ̀kọ́ ìsìn, àwọn ọmọ ń dáko, wọ́n ń ṣiṣẹ́ ọwọ́. Ìyàwó rẹ̀, Sheila, darí ilé-ìwé àwọn ọmọ kéékèèké, Mayflower Junior School.

Ẹ rántí pé ẹ̀rù ìsìn ló kọ́kọ́ ba àwọn òbí wa. Síbẹ̀, Kìrìsìtẹ́nì àti Mùsùlùmí gbé ọmọ wọn lọ fún ọkùnrin tí ò gbà pé Ọlọ́run wà, nítorí wọ́n gbà pé ọmọ tó bá ti ọwọ́ rẹ̀ jáde á ní làákàyè, á sì lè fọwọ́ ara rẹ̀ ṣiṣẹ́. Òbí mọ ohun tó dáa tó bá rí i.

Bí wọ́n ṣe jáde lọ́kọ̀ọ̀kan

Ẹ jẹ́ ká sáré díẹ̀. Ní 1976, ìjọba ológun gbé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ dé gbogbo Nàìjíríà. Ní 1979, Gómìnà Bísí Ọ̀nàbánjọ ti ẹgbẹ́ UPN wọlé ní Ìpínlẹ̀ Ògùn pẹ̀lú ìlérí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Lẹ́yìn náà ni owó epo já wálẹ̀, tí SAP ti 1986 sì dé. Ní 1988, ìjọba àpapọ̀ dá àjọ kan sílẹ̀ fún ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní 1991 wọ́n tú u ká, wọ́n ju iṣẹ́ náà sọ́rùn ìjọba ìbílẹ̀. Ní 1993 wọ́n tún dá a padà. Nínú gbígbé-sọ̀kalẹ̀ yìí, owó oṣù tísà di gbèsè ní ọ̀pọ̀ ibi, ìyanṣẹ́lódì sì di ohun tí ọmọdé ń fi ka ọdún.

Ìgbà yẹn ni tèmi. Praimárì tírì ni mo wà ní ilé-ìwé ìjọba tó sún mọ́ ilé wa. Ìyá mi wá mú mi lọ́jọ́ kan nítorí pé ibà ń ṣe mí, ó bá kíláàsì méjì nínú yàrá kan pẹ̀lú tísà kan, ìdajì wa sì jókòó sílẹ̀. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó kí tísà, ó gbé mi pọ̀n. Nígbà tí sáà parí, ó fọ yunifọ́ọ̀mù mi, ó lọ̀ ọ́, ó sì fi ta ọmọ aládùúgbò lọ́rẹ. Sáà tó tẹ̀ lé e, mo ti wọ táì.

Ìyá mi ò ṣe ohun tó burú. Àmọ́ oníṣòwò tó mọ ọ̀rọ̀ sọ ni, òun ló máa ń dìde nínú ìpàdé òbí àti tísà láti béèrè ibi tí owó wọlé sí. Nígbà tó lọ, ẹnu yẹn bá a lọ. Ìyá tó jogún yunifọ́ọ̀mù mi ní ọmọ mẹ́fà àti igbá ata lórí, kò ráyè ìpàdé. Ẹ wá ro iye ìyá bíi tèmi tó ṣe bẹ́ẹ̀ láàárín ọdún mẹ́wàá. Kò sẹ́ni tó pariwo tó bẹ́ẹ̀ mọ́ tí ìjọba fi máa yan ìgbìmọ̀ Bánjọ kejì.

Kì í ṣe Rẹ́mọ nìkan o. Nígbà tí Kenya sọ praimárì di ọ̀fẹ́ ní 2003, ọmọ tó wọlé kún lé mílíọ̀nù kan. Kò pẹ́ tí àwọn òbí tó lówó díẹ̀ lọ́wọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọmọ wọn lọ sí ilé-ìwé aládàáni.

Kí ló kù?

Òfin ẹ̀kọ́ UBE ti 2004 ní ọ̀fẹ́ ni ilé-ìwé ìjọba, ẹni tó bá gba owó ilé-ìwé lọ́wọ́ òbí sì lè san ìtanràn ₦10,000 tàbí kó lọ ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta. Òfin kan náà máa fìyà jẹ òbí tí ò bá fi ọmọ síléèwé. Ẹ mọ̀ ọ́n, kí ẹnikẹ́ni má baà fi owó aláìnídìí dá yín dúró ní géètì.

Ní tèmi, mo ti sọ fún ìyá ọmọ mi pé kí a tó san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni, mo máa lọ sí ilé-ìwé ìjọba àdúgbò wa láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, mo sì máa béèrè nǹkan mẹ́ta. Ọmọ mélòó ló wà lọ́wọ́ tísà kan ní praimárì wáànù? Ìgbà wo ni ẹ ṣe ìpàdé òbí kẹ́yìn, àwọn wo ló sì wá? Ẹ̀yin tísà, ọmọ tiyín ńkọ́, níbo ló wà? Mo máa béèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní ilé-ìwé oníbọ́ọ̀sì náà, nítorí pé táì lọ́rùn kì í kọ́ ọmọ ní ìṣirò.

Ìyàwó mi gbọ́ ọ tán, ó ní, "Bàbá, ìtàn rẹ dùn. Tí o bá débẹ̀ tí wọ́n wà nílẹ̀ lórí ẹní ńkọ́? Ọmọ wa lo fẹ́ fi tún ìlú ṣe ni?" Mi ò tíì rí èsì fún un. Bí mo bá débẹ̀, màá wá sọ ohun tí mo rí fún yín.

Ẹ̀yin ńkọ́? Kí ni àwọn òbí yín wò kí wọ́n tó fi yín síléèwé, ní Ìpẹru, ní Òde-Rẹ́mọ, ní Ìṣarà, níbikíbi tí ẹ ti dàgbà? Ẹ fi ohùn yín ránṣẹ́ sí wa, ká lè gbé díẹ̀ nínú rẹ̀ jáde lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó dìgbà yẹn o.