Létà Tí Bàbá Kò Lè Kà: Tíṣà Gẹ̀ẹ́sì àti Àwọn Òbí ní Kétu, Ìkòsí àti Mile 12

Ìgbìmọ̀ tó ń tọ́jú ìwé ayẹyẹ yìí ní kí a kọ ìtàn ẹ̀kọ́ ní àdúgbò wa. Ìtàn náà gùn ju ojú ewé tí wọ́n fún wa lọ, nítorí náà ẹnì kan ṣoṣo ni a mú nínú rẹ̀, ìyẹn tíṣà Gẹ̀ẹ́sì. Nínú gbogbo olùkọ́ tó kọ́ wa, òun nìkan ni iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ èdè tí púpọ̀ nínú àwọn òbí wa kò gbọ́. Bàbá tó ń ta iṣu ní Mile 12 lè bi ọmọ rẹ̀ léèrè ìṣirò, kí ó sì mọ̀ bí ọmọ náà bá ń parọ́, nítorí láti àárọ̀ dalẹ́ ni òun náà ń ṣírò owó. Ṣùgbọ́n báwo ni yóò ṣe mọ̀ bóyá Gẹ̀ẹ́sì ọmọ rẹ̀ dán mọ́rán?

Ọ̀rọ̀ yìí kò bẹ̀rẹ̀ lórí wa. Ní ọdún 1859, ohun méjì ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá. Ní oṣù kẹfà, Thomas Babington Macaulay ṣí CMS Grammar School ní Èkó. Òun ni ilé ẹ̀kọ́ girama àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Nàìjíríà lónìí, Gẹ̀ẹ́sì sì ni wọ́n fi ń kọ́ni níbẹ̀. Ní oṣù kejìlá ọdún yẹn kan náà, Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Ìwé Ìròyìn jáde ní Abẹ́òkúta, ní èdè Yorùbá. Ọ̀nà àkọ́kọ́ fún ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀nà kejì fún bàbá ní ohun tí yóò máa kà ní èdè tirẹ̀. Ọ̀nà méjèèjì kò pàdé. Nígbà tí ìjọba òyìnbó ṣe òfin ẹ̀kọ́ ní 1882, Gẹ̀ẹ́sì kíkà àti kíkọ ni wọ́n fẹ́ fi owó ìrànwọ́ tì lẹ́yìn, wọn kò ka Yorùbá sí.

Síbẹ̀ Yorùbá kíkà kò kú. Bíbélì Yorùbá pé láti ọwọ́ Àjàyí Crowther àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ní 1884. Akéde Èkó jáde ní 1928. Ìwé Aláwíyé tí J. F. Ọdúnjọ kọ wọ ilé tí kò lóǹkà. Àwọn Mùsùlùmí tiwọn ti mọ̀ ọ́n kà láti ilé kéwú. A ń sọ èyí nítorí ohun kan tó máa ń dùn wá: ẹni tó ń ka Bíbélì láti Jẹ́nẹ́sísì títí dé Ìfihàn, tàbí tó ń ka Kùránì láìṣì í kà, ni ilé ẹ̀kọ́ ń pè ní ẹni tí kò mọ̀wé. Bí létà bá dé láti ilé ẹ̀kọ́ ọmọ rẹ̀, ó di dandan kí ó gbé e tọ akọ̀wé lọ, irú àwọn tó máa ń gbé tábìlì síta níwájú pósí ọ́fíìsì, kí ó sì sanwó kí wọ́n tó ka ọ̀rọ̀ ọmọ tirẹ̀ fún un.

Àdúgbò tiwa kò sí lábẹ́ Èkó nígbà náà. Nígbà tí Èkó di ti ìjọba àpapọ̀ ní 1954, ìpín Ìkẹjà, níbi tí Kétu àti Ìkòsí wà, dúró sí abẹ́ ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1955 fi kan àwọn tó ń dàgbà níhìn-ín. Ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún 1967 ni a tó bọ́ sínú Ìpínlẹ̀ Èkó. Àwọn òbí wa tó jẹ́ ànfààní 1955, púpọ̀ nínú wọn dúró sí ìwé mẹ́fà. Wọ́n mọ Yorùbá kà, wọ́n sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀, èyí tó lè ra tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì ṣùgbọ́n tí kò lè ka rípọ́ọ̀tù káàdì.

Lẹ́yìn náà ni Jákàńdè dé, ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá 1979. Ẹni tó bá gbé Èkó nígbà náà kò ní gbàgbé. Kí ó tó dé, àwọn ọmọ kan ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ láàárọ̀, àwọn mìíràn ń lọ lọ́sàn-án, nítorí kíláàsì kò tó. Ó kọ́ ilé ẹ̀kọ́ gbọọrọ olórí kúkúrú káàkiri, ó fòpin sí ti àárọ̀ àti ọ̀sán, kò sì sí ẹni tó san owó ilé ẹ̀kọ́ mọ́. Àwọn tí kò fẹ́ràn rẹ̀ pe àwọn ilé náà ní ilé adìẹ. Ilé adìẹ ni o, inú rẹ̀ ni púpọ̀ nínú wa ti kọ́ bí a ṣe ń kọ orúkọ wa. Ní 1980 ó dá ìjọba ìbílẹ̀ Kòsọ́fẹ́ sílẹ̀ fún wa, àwọn aláwàdà àdúgbò sì máa ń sọ pé ibi tí à ń pè ní kò sí ọ̀fẹ́ ni ọ̀fẹ́ wá pọ̀ sí.

Ohun kan wà tí àwọn tó ń yin ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kì í sọ, àwa pẹ̀lú ń yìn ín o. Nígbà tí òbí ń sanwó, owó náà máa ń gbé e dé ilé ẹ̀kọ́. Á rí pírínsípà, á rí tíṣà, á bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n dá òun lọ́lá di oṣù tó ń bọ̀. Nígbà tí owó kúrò níbẹ̀, ìdí tí ìyá alátòmátì yóò fi ti ìsọ̀ rẹ̀ wá sí ilé ẹ̀kọ́ kúrò pẹ̀lú rẹ̀. Bébà nìkan ló ṣẹ́kù láàárín wọn. Gẹ̀ẹ́sì ni bébà náà, ọmọ ló ń gbé e, ọmọ kan náà ló sì ń túmọ̀ rẹ̀. Gbogbo Kétu ló mọ ìtàn ọmọ tó sọ fún ìyá rẹ̀ pé F tó wà nínú káàdì òun ni ìbẹ̀rẹ̀ “fine”. Ìyá náà se adìẹ fún un.

Irú bébà bẹ́ẹ̀ ni tíṣà tó kọ́ wa ní Gẹ̀ẹ́sì láti kíláàsì kẹta bá nílẹ̀. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni wọ́n, yàrá kan ni wọ́n ń gbé ní Alápẹ̀rẹ̀, wọ́n sì fẹ́ràn àtimáa rìn nínú ọjà. Ní ilé ẹ̀kọ́ wa nígbà náà, ẹni tó bá sọ fánákúlà yóò san fáìnì. Wọn kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí òfin náà, ṣùgbọ́n ní kíláàsì tiwọn, Yorùbá ní àyè tirẹ̀. Bí a bá kọ ọ́ pé “My father, they are coming”, tíṣà mìíràn á fa ìlà pupa sí i, á kọjá lọ. Tiwa á ní kí ẹni náà dìde, kí ó sọ ohun tó fẹ́ sọ ní Yorùbá. Á ní, “Bàbá mi ń bọ̀, wọ́n ti dé Òjótà.” Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní, “Ẹ ò rí i? Ọ̀wọ̀ lẹ kó wọ inú Gẹ̀ẹ́sì. Lójú Gẹ̀ẹ́sì, ẹnì kan ni bàbá yín. Ẹ fi ‘wọ́n’ yẹn pamọ́ sílé fún un.” Bákan náà ni fún àwọn tó ń pe ìyá wọn ní “he”, nítorí “ó” tiwa kò mọ akọ, kò mọ abo. Láti ọjọ́ náà ni àṣìṣe kò ti dà bí òpònú mọ́ lójú wa.

WAEC fẹ́ràn kí ọmọ kọ létà sí òbí rẹ̀. “Dear Father” ni a ń kọ láti ìbẹ̀rẹ̀ táàmù dé òpin rẹ̀, sí bàbá tí kò lè kà á. Tíṣà wa yí i padà. Wọ́n ní kí oníkálukú kọ létà sí òbí tirẹ̀ gan-an, kí òótọ́ kan wà nínú rẹ̀ tí òbí náà kò tíì gbọ́. A ó kà á sí òbí létí ní Gẹ̀ẹ́sì, a ó tún un sọ ní Yorùbá, òbí yóò sì tẹ ìka tàbí kí ó fọwọ́ sí i. Bí wọ́n bá wá ra ata lọ́jà, wọ́n á yà sọ́dọ̀ òbí kan, wọ́n á béèrè ohun tí létà náà sọ. Irọ́ kò ríbi sá sí mọ́.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin kíláàsì wa kọ ọ́ sínú tirẹ̀ pé òun ń sùn ní kíláàsì nítorí aago mẹ́rin òru ni òun ń jí bá ìyá òun lọ pàdé ọkọ̀ tòmátì tó ń bọ̀ láti Òkè Ọya. Kò mọ̀ pé ìyá òun ti pinnu láti yọ òun kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ ní òpin táàmù. Obìnrin ni, ó ti mọ owó kà, kí ló kù? Tíṣà wa jókòó lórí apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀. Ìyá náà bi wọ́n pé, “Tíṣà, Gẹ̀ẹ́sì ọ̀hún, ṣé ó tiẹ̀ ń wọ̀ ọ́ lórí?” Wọ́n ní, “Ó ń wọ̀ ọ́, Màmá. Oorun ló ń jí i kó.” Wọn kò bá a jiyàn lórí ọjà. Wọ́n ṣàlàyé fún un pé ilé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì kò ní gba ọmọ tí kò ní krẹ́díìtì nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ka iye táàmù tó kù fún un lórí ìka. Àbúrò ìyá náà gba òru ṣe, ọmọ wá ń lọ sọ́jà ní Sátidé nìkan. Ẹ ó rí i láàárín wa ní ọjọ́ ayẹyẹ, nọ́ọ̀sì ni. Kì í ṣe gbogbo ilé ni wọ́n ti ṣe àṣeyọrí o. Ọmọkùnrin kan wà tí bàbá rẹ̀ gbọ́ gbogbo àlàyé, tó dúpẹ́, tó fún tíṣà ní iṣu méjì, tó sì fi ọmọ sí ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì Kétu ní ọ̀sẹ̀ kejì.

Àwọn kan nígbà náà ní Yorùbá tí wọ́n ń sọ ní kíláàsì yóò ba Gẹ̀ẹ́sì wa jẹ́. Ẹ̀rí ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó sọ bẹ́ẹ̀. Láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti ń fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko ní St Stephen’s, Mọ̀dákẹ́kẹ́, tí olùkọ́ tó mọ̀ nípa Gẹ̀ẹ́sì sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Gẹ̀ẹ́sì àwọn ọmọ náà kò bàjẹ́, wọn kò sì gbẹ́yìn àwọn tí wọ́n ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ní ohun gbogbo.

Nígbà tí kòrónà ti ilé ẹ̀kọ́ pa ní oṣù kẹta 2020, bébà parẹ́, fóònù gba ipò rẹ̀. Kíláàsì àṣekágbá kò padà wọlé ní Èkó títí di oṣù kẹjọ, ìdánwò WAEC sì bẹ̀rẹ̀ ní oṣù náà gan-an. Ọmọ ọ̀kan nínú wa tó jẹ́ tíṣà Gẹ̀ẹ́sì ní àdúgbò yìí ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ lórí WhatsApp. Ọ̀sẹ̀ méjì ni ó fi ń kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì kí ó tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Fóònù kan ṣoṣo ló wà nílé, ó sì ń bá ìyá lọ sọ́jà, nítorí ọjà oúnjẹ kò ṣeé tì pátápátá. Alẹ́ ni ọmọ tó ń rí i. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohùn ránṣẹ́ sí àwọn ìyá fúnra wọn, ní Yorùbá: iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ rèé, ẹ bá mi gba fóònù fún un ní aago méje alẹ́. Ìyá tí kò fèsì rí bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohùn tirẹ̀ ránṣẹ́ padà, ariwo ọjà ń dún lẹ́yìn rẹ̀.

Èyí ló jẹ́ kí ẹgbẹ́ wa, yàtọ̀ sí owó WAEC tí a máa ń bá àwọn ọmọ kan san, tún gbé ọ̀rọ̀ mìíràn lọ bá ilé ẹ̀kọ́ tí à ń ràn lọ́wọ́. A ní kí létà sí àwọn òbí máa jáde ní ojú méjì, Gẹ̀ẹ́sì níwájú, Yorùbá lẹ́yìn, kí ìpàdé òbí sì bọ́ sí ọjọ́ Àìkú lọ́sàn-án, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Òfin Ìpínlẹ̀ Èkó ti 2018 lórí èdè Yorùbá wà lẹ́yìn wa, a sì dárúkọ rẹ̀ fún wọn. Wọ́n gbà. Ní ìpàdé àkọ́kọ́ tí létà náà pè, àga kò tó.

Bàbá Haúsá kan tó ń ta àlùbọ́sà ní Mile 12 dìde níbẹ̀, ó yẹ iwájú létà wò, ó yẹ ẹ̀yìn wò, ó béèrè ibi tí tirẹ̀ wà. Ọmọ mẹ́ta ló ní ní ilé ẹ̀kọ́ náà. Ó ní òun mọ Haúsá kà bí wọ́n bá fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ ọ́. A ṣì ń wá ẹni tó lè bá wa kọ ọ́ kí táàmù tuntun tó wọlé. Ẹni tó bá mọ irú ẹni bẹ́ẹ̀, kí ó rí akọ̀wé ẹgbẹ́ ní ìdí tábìlì ẹnu ọ̀nà kí ó tó lọ sílé.