Ta ló láṣẹ lórí pátákó iwájú ṣọ́ọ̀bù yín? Ìtàn kékeré láti Ìdí-Arẹrẹ dé Mápó

Thread òní gùn díẹ̀ o. Ẹ fara balẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá gba Ìdí-Arẹrẹ lọ sí Bẹẹrẹ, bánà ló kún ojú títì: ti télọ̀, ti ṣọ́ọ̀ṣì, ti òṣèlú tí ìbò rẹ̀ ti kọjá tipẹ́. Onídìrí kan níbẹ̀ sọ fún mi pé ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n gbowó pátákó lọ́wọ́ òun lọ́dún kan ṣoṣo. Rìsíìtì méjì, orúkọ méjì. Ó ní, "Àbúrò mi, èwo gan-an ni ìjọba nínú wọn?"

Ẹ jẹ́ ká wo òfin ná. Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999, ní Àfikún Kẹrin, ka àmójútó ìpolówó ìta gbangba mọ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Òfin 1998 tó to owó orí lẹ́sẹẹsẹ náà ka owó àṣẹ pátákó mọ́ ohun tí ìjọba ìbílẹ̀ lè gbà. Ṣùgbọ́n Èkó dá LASAA sílẹ̀ lábẹ́ òfin 2006, àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn náà sì ti ní àjọ pátákó tiwọn. Káńsù rèé, àjọ ìpínlẹ̀ rèé, oníṣọ́ọ̀bù ló wà láàárín.

Ta ló wá ń bi káńsù léèrè? Ibi tó dùn mọ́ mi jù nìyí.

Lọ́dún 1954, ẹgbẹ́ Adégòkè Adélabù wọlé ìbò káńsù Ìbàdàn, òun sì di alága. (Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá "pẹnkẹlẹmẹẹsì" gan-an.) Lọ́dún 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn gbé ìwádìí kalẹ̀ lórí káńsù náà, E. W. J. Nicholson ló ṣe é. Ìjábọ̀ jáde ní 1956, Adélabù fi ipò sílẹ̀. Ẹ̀sùn inú rẹ̀ kì í ṣe kékeré, mi ò bo ẹnikẹ́ni mọ́lẹ̀. Àmọ́ ẹ wo ẹni tó béèrè: ìjọba Action Group, alátakò rẹ̀ pọ́ńbélé.

Ní 1991, wọ́n pín ìgboro Ìbàdàn sí ìjọba ìbílẹ̀ márùn-ún. Ilé ìjọba pọ̀ sí i. Ìbéèrè ńkọ́? Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún 2019, ọjọ́ tí Gómìnà Mákindé gorí àlééfà, wọ́n lé àwọn alága tí wọ́n dìbò yàn ní 2018. Oṣù karùn-ún 2021 ni Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ tó ní kò bófin mu. Ọdún méjì gbáko! Àwọn tí òkè yàn ló jókòó sáàfíìsì. Ọ̀gá tó yàn wọ́n ni wọ́n máa jábọ̀ fún, kì í ṣe onídìrí Ìdí-Arẹrẹ.

Ẹ rí i? Láti 1955, òkè ló ń bi káńsù. Ẹni tó ń sanwó pátákó kì í sí níbẹ̀.

Ọ̀nà kan wà ṣá. Òfin FOI ti 2011 fún ẹnikẹ́ni lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ìwé ìjọba, ọjọ́ méje ni wọ́n ní láti fèsì. Ní oṣù kẹrin 2025, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ sọ pé ó de ìjọba ìpínlẹ̀ àti ìbílẹ̀ náà.

Lẹ́tà tí mo kọ kò ju ojú ìwé kan lọ: òfin wo lẹ fi ń gba owó bánà? Èló ni fún pátákó kékeré? Àkáǹtì wo ló ń wọ̀? Mo máa lẹ ẹ̀dà rẹ̀ sísàlẹ̀ yìí. Ẹ fi orúkọ àdúgbò tiyín rọ́pò tèmi.