Ọba, Igbá-kejì àti Òfin: Ìjà Òṣèlú Nínú Eré Ògúndé àti Nínú Sinimá

Nínú ìwé ìdáhùn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí mo máa ń yẹ̀ wò lọ́dọọdún, gbólóhùn kan wà tí kì í wọ́n: pé iṣẹ́ eré orí ìtàgé ni láti dá àwọn ènìyàn lára yá, láti kọ́ wọn lọ́gbọ́n àti láti gbé àṣà Yorùbá lárugẹ. Irọ́ kọ́. Ṣùgbọ́n bí kò bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí ló dé tí ìjọba fi fi òfin de eré Hubert Ògúndé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, nígbà òyìnbó àti nígbà tí ọmọ Yorùbá bí i tirẹ̀ wà lórí àlééfà? A kì í fi òfin de ẹni tí ó kàn ń pa ni lẹ́rìn-ín. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, mo fẹ́ kí a tọ ipasẹ̀ ọ̀rọ̀ náà láti orí ìtàgé dé inú sinimá, kí a wo bí ìjà òṣèlú ṣe ń wọ inú eré, àti bí àwọn aláṣẹ náà ṣe ń lo àwòrán láti fi polongo ara wọn.

Ní Òṣósà, ìlú kékeré kan lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde, ni a bí Ògúndé sí ní ọdún 1916. Ó ṣe iṣẹ́ olùkọ́, ó sì wọ iṣẹ́ ọlọ́pàá. Àárín àwọn Aládùúrà ni eré rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀: ní oṣù kẹfà ọdún 1944 ni ó gbé eré kan lórí Ọgbà Édẹ́nì jáde fún ìjọ wọn ní gbọ̀ngàn Glover ní Èkó. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ó dá ẹgbẹ́ òṣèré tirẹ̀ sílẹ̀. Ọdún náà gan-an ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba da iṣẹ́ sílẹ̀. Ogun Hitler ti sọ ọjà di ọ̀wọ́n gógó, owó oṣù kò sì yí padà. Láti ìparí oṣù kẹfà ọdún 1945 ni àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè àti ti àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba mìíràn ti kọ̀ láti lọ sí ibi iṣẹ́, Michael Imoudu sì wà lára àwọn tí orúkọ wọn hàn jù nínú ìjà náà. Ìjọba kò fẹ́ kí ìròyìn rẹ̀ tàn. Ní oṣù keje, wọ́n ti ìwé ìròyìn West African Pilot àti Daily Comet pa. Ohun tí ìwé ìròyìn kò lè sọ fàlàlà mọ́, Ògúndé gbé e lọ sórí ìtàgé, ó sì pè é ní Strike and Hunger. Kí àkọlé èdè Gẹ̀ẹ́sì yìí má tàn wá jẹ o. Yorùbá ni orin àti ọ̀rọ̀ tí ó ń mú àwọn òǹwòran dìde lórí ìjókòó. Nígbà tí ó gbé eré náà dé Jos, àwọn aláṣẹ ibẹ̀ dá a dúró, ọ̀rọ̀ sì di ti ilé-ẹjọ́.

Àwọn òyìnbó fúnra wọn mọ ohun tí àwòrán lè ṣe. Ní ọdún 1935 ni wọ́n ti gbé fíìmù Sanders of the River jáde ní ìlú Ọba, ìtàn òyìnbó aláṣẹ kan tí ó dá nìkan wà lẹ́bàá odò ní Nàìjíríà tí ó ń tọ́ àwọn ènìyàn dúdú sọ́nà bí ẹní ń tọ́ ọmọdé. Paul Robeson, ìlú-mọ̀-ọ́n-ká olórin aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà, ni ó ṣe ìjòyè Bosambo nínú rẹ̀. Nígbà tí ó rí bí iṣẹ́ náà ṣe jáde, tí ó ń yin ìjọba amúnisìn, ó kábàámọ̀ pé òun lọ́wọ́ sí i. Orlando Martins, ọmọ Èkó, náà kópa níbẹ̀. A ó tún fojú kàn án níwájú. Nígbà tí ogun dé ní 1939, wọ́n dá ẹ̀ka ìjọba kan sílẹ̀ ní London, Colonial Film Unit, láti máa ya fíìmù fún àwọn ènìyàn ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣàkóso. Mọ́tò ni wọ́n fi ń gbé e kiri abúlé. Wọn a ta aṣọ funfun, olùtumọ̀ a dúró tì í, a máa fi èdè ìlú sọ ohun tí àwọn ènìyàn ń rí. Iṣẹ́ olùtumọ̀ yìí jọ ti apààlọ́ púpọ̀: òun ni ó mọ ibi tí òun yóò ti fi iyọ̀ sí i.

Bí a bá fẹ́ rí bí ìpolongo ṣe ń ṣiṣẹ́ ní tòótọ́, àpẹẹrẹ kan wà tí mo fẹ́ràn láti fi kọ́ kíláàsì mi. Ní ọdún 1949 ni fíìmù Daybreak in Udi jáde láti ọwọ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ó fi hàn bí àwọn ará abúlé kan ní àgbègbè Udi, ní ilẹ̀ Ìgbò, ṣe kọ́ ilé ìgbẹ̀bí fúnra wọn, tí òyìnbó aláṣẹ àgbègbè sì ń gbà wọ́n níyànjú. Iṣẹ́ náà dára tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi gba ẹ̀bùn Oscar ní Amẹ́ríkà ní 1950. Ìsapá àwọn ará Udi tí ó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe àlá. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1949 kan náà, ní àfonífojì Iva lẹ́bàá Enugu, níbi tí àwọn òkè Udi wọ̀nyí kan náà wà, àwọn ọlọ́pàá tí òyìnbó ṣíwájú wọn yìnbọn lu àwọn awakùsà èédú tí ó ń bá ìjọba jà lórí owó iṣẹ́. Ẹ̀tù tí wọ́n fi ń fọ́ òkúta ni àwọn ọlọ́pàá wá kó kúrò níbẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ kò ní ìbọn lọ́wọ́. Ènìyàn 21 ni ó kú, àwọn tí ó sì fara gbọgbẹ́ lé ní 50. Ṣé ẹ rí i báyìí pé sinimá kò nílò láti purọ́. Ó ti tó kí ó dojú ẹ̀rọ ayàwòrán kọ ilé ìgbẹ̀bí, kí ó sì kọ ẹ̀yìn sí kòtò èédú. Ní 1950, Ògúndé kọjú sí ibi tí fíìmù náà kọ ẹ̀yìn sí: ó gbé Bread and Bullet jáde lórí àwọn tí wọ́n yìnbọn pa náà. Ní Kano, wọn kò jẹ́ kí ó ṣe é.

Títí di ìgbà yìí, ọ̀tá inú eré rọrùn láti mọ̀, nítorí àjèjì ni. Ọ̀rọ̀ kò rọrùn mọ́ lẹ́yìn òmìnira. Kí ẹni tí ó ń múra ìdánwò fi ọdún wọ̀nyí sọ́kàn. Ní oṣù kejì ọdún 1962 ni aáwọ̀ àárín Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àti Olóyè Ládòkè Akíntọ́lá hàn sí gbangba ní ìpàdé Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ ní Jos. Ní ọjọ́ 25 oṣù karùn-ún, ìjà bẹ́ sílẹ̀ nínú Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ní Ìbàdàn, àwọn aṣòfin ń ju àga lu ara wọn. Ìjọba àpapọ̀ gba àkóso ìpínlẹ̀ náà, wọ́n fi Dókítà Moses Májẹ̀kódùnmí ṣe alábòójútó. Ní ọjọ́ kìíní ọdún 1963, Akíntọ́lá padà sórí oyè. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà, ilé-ẹjọ́ rán Awólọ́wọ̀ lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá fún ẹ̀sùn ọ̀tẹ̀ sí ìjọba. Ní 1964, Ẹgbẹ́ Dẹ́mọ̀ dé.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1964 yìí ni àwọn tí ó wà lẹ́yìn Akíntọ́lá fẹ́ ṣí Ẹgbẹ́ Ọmọ Olófin ní Ìbàdàn, ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ láti dojú kọ Ẹgbẹ́ Ọmọ Odùduwà. Wọ́n pe Ògúndé kí ó wá ṣeré. Eré tí ó gbé wá ni Yorùbá Ronú. Ìtàn ọba kan ni. Igbá-kejì rẹ̀ bá ọba ilẹ̀ àjèjì tí ó jẹ́ ọ̀tá wọn dìmọ̀, wọ́n mú ọba, wọ́n tì í mọ́lé, igbá-kejì sì gorí ìtẹ́. Ìlú wá di ibi ìnira títí tí àwọn ènìyàn fi dìde. Olórí Ìjọba wà nínú gbọ̀ngàn. Kò dúró wo eré náà tán. Láìpẹ́ sí ìgbà náà, ìjọba kéde pé ẹgbẹ́ òṣèré Ògúndé di ẹgbẹ́ tí kò bófin mu ní gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ síbí. Kò sí orúkọ ẹnikẹ́ni nínú eré yẹn. Kò sí ọ̀pẹ, kò sí àkùkọ, kò sí ọwọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ilé-ẹjọ́ tàbí Kirikiri. Ọgbọ́n àlọ́ ni Ògúndé lò, ọgbọ́n tí àwọn baba wa fi ń bá ọba wí láìfi ojú ba ọba. Ìjàpá ni à ń pè, ṣùgbọ́n ará ilé wa ni à ń wò. Ohun tí ó dẹ pakuté fún ìjọba ni pé kí ẹnikẹ́ni tó lè sọ pé eré náà bú òun, ó ní láti kọ́kọ́ gbà pé òun ni igbá-kejì tí ó da ọba rẹ̀. Òfin tí wọ́n ṣe ni ó sọ ìtumọ̀ eré náà fún ẹni tí kò tíì mọ̀ ọ́n. Àkọlé rẹ̀ pàápàá yẹ ní àyẹ̀wò. Ọ̀rọ̀ ìṣe aláṣẹ ni 'ronú', a kò sì sọ ohun tí kí wọ́n ronú sí. Orílẹ̀ kan odidi ni a pè, kì í ṣe ẹgbẹ́ kan. Ẹni tí ó wà ní ẹgbẹ́ Dẹ́mọ̀ ń jẹ́ Yorùbá, ẹni tí ó wà ní Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ ń jẹ́ ẹ, kò sì sí èyí tí ó lè sọ pé òun kò sí lára àwọn tí à ń bá wí.

Èkó kò sí lábẹ́ ìjọba Ìbàdàn nígbà náà. Abẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni ó wà. Nítorí náà, òfin kò lè mú Ògúndé níbẹ̀. Ó dáhùn pẹ̀lú eré mìíràn, Òtítọ́ Korò. Orin Yorùbá Ronú sì ti wọ inú àwo rẹ́kọ́ọ̀dù, ọlọ́pàá kò sì lè dúró sí ẹnu ọ̀nà gbogbo ilé tí ó ní ẹ̀rọ agbóhùn.

Ṣé kì í ṣe ìpolongo ni Ògúndé náà ń ṣe? Ìbéèrè yìí ni àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kì í fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ bi wọ́n, ó sì yẹ kí wọ́n bi wọ́n. Lójú tèmi, ó gbè sẹ́yìn apá kan. Akíntọ́lá ní àlàyé tirẹ̀: ó ní ipò ńlá ti bọ́ lọ́wọ́ Yorùbá nínú ìjọba àpapọ̀ nítorí wọ́n wà ní ẹgbẹ́ alátakò, pé kí wọ́n bá Àríwá ṣe pọ̀ kí wọ́n lè rí tiwọn gbà. Ìjọba rẹ̀ tilẹ̀ tẹ ìwé jáde ní 1964 láti ka iye ipò tí ó wà lọ́wọ́ àwọn ẹlòmíràn. Nínú eré, igbá-kejì kò ní irú àlàyé bẹ́ẹ̀. Ojúkòkòrò nìkan ni ó ní. Bí àlọ́ ṣe rí nìyẹn, ó ní láti ní ọ̀dàlẹ̀. Ohun tí ó mú ìjà yẹn le ni pé ẹni tí Ògúndé dojú kọ kì í ṣe òpè nínú Yorùbá. Ọ̀jọ̀gbọ́n ni Akíntọ́lá nínú ẹ̀fẹ̀, òwe àti àbùkù tí a fi ọ̀rọ̀ dídùn wé; títí di òní ni àwọn àgbàlagbà ń sọ àwọn ọ̀rọ̀ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Odòlayé Àrẹ̀mú, olórin dadakúàdà láti Ìlọrin, sì kì í fọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣeré. Èdè kan náà ni gbogbo wọn fi jagun. Ìyàtọ̀ tí mo rí ni èyí: ọ̀kan ní ìtàgé nìkan, èkejì ní ìtàgé, ó ní asọ̀rọ̀mágbèsì, ó sì ní agbára láti ti ìtàgé ti ẹni kìíní pa.

Ìdìbò oṣù kẹwàá ọdún 1965 ni ó tú u fó. Èsì tí ilé iṣẹ́ asọ̀rọ̀mágbèsì ń kéde kò bá èyí tí àwọn ènìyàn rí mu. Wọ́n fi ẹ̀sùn kan Wọlé Ṣóyínká pé ó fi ìbọn gba ilé iṣẹ́ náà ní Ìbàdàn láti fi ọ̀rọ̀ mìíràn rọ́pò ti Olórí Ìjọba. Ilé-ẹjọ́ dá a sílẹ̀ ní oṣù kejìlá. Ṣùgbọ́n wẹ́tìẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń bu epo lu ilé àti ènìyàn. Ní ọjọ́ 15 oṣù kìíní ọdún 1966, àwọn ológun pa Akíntọ́lá ní Ìbàdàn. Ọ̀gágun Adékúnlé Fájuyì tí ó di gómìnà ni ó gbé òfin kúrò lórí ẹgbẹ́ Ògúndé ní ọdún náà. Kò pẹ́ tí wọ́n pa òun náà, ní oṣù keje.

Ní ti sinimá, ọwọ́ wa kò tètè tó o, nítorí owó. Ní 1970, wọ́n sọ eré Ṣóyínká, Kongi's Harvest, di fíìmù, ìtàn apàṣẹ kan tí ó fẹ́ gba iṣu tuntun lọ́wọ́ ọba. Ṣóyínká fúnra rẹ̀ ni ó ṣe Kongi, bí inú rẹ̀ kò tilẹ̀ dùn sí bí wọ́n ṣe parí iṣẹ́ náà. Orlando Martins ọjọ́sí wà níbẹ̀: ẹni tí ó ti wà nínú fíìmù tí ó yin òyìnbó aláṣẹ ní 1935, òun náà ni ó wà nínú èyí tí ó fi aláṣẹ dúdú ṣe ẹlẹ́yà ní ọdún 35 lẹ́yìn náà. Àjàní Ògún tẹ̀ lé e ní 1976, pẹ̀lú ọdẹ kékeré tí ó kojú olóṣèlú oníjìbìtì. Ní 1979, Ìjà Òmìnira jáde láti inú ìwé Adébáyọ̀ Fálétí, Ọmọ Olókùn-Ẹṣin. Ògúndé fúnra rẹ̀ wọ sinimá ní àkókò yìí pẹ̀lú Ayé, ṣùgbọ́n àjẹ́ àti oṣó ni ó bá jà níbẹ̀, kò bá ìjọba jà. Mo ti gbọ́ kí wọ́n pè é ní ìfàsẹ́yìn. N kò fara mọ́ ọn tán. Ẹni tí ó ti ṣe Keep Nigeria One nígbà ogun abẹ́lé ní 1968, tí ìjọba ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ní 1964, kò ní ṣàì mọ iye tí fíìmù kan tí wọ́n bá fi òfin dè yóò jẹ lówó rẹ̀.

Fíìmù tí mo kà sí àrólé Yorùbá Ronú jùlọ dé ní 1999, ọdún tí àwọn ológun gbé ìjọba sílẹ̀, lẹ́yìn ikú Ògúndé ní 1990. Ṣaworoidẹ ni, tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ, tí Túndé Kèlání sì darí rẹ̀. Ọba Lápité kọ̀ láti mu májẹ̀mú ìlú Jogbo kí ó lè rí àyè kó owó gẹdú jẹ. Lágàta sójà wá fi ìbọn gba ìtẹ́. Níbẹ̀ náà, kò sí orúkọ Nàìjíríà, kò sí orúkọ ọ̀gágun kankan, kò sì sí òǹwòran tí ó béèrè ta ni wọ́n ń bá wí. Ọ̀mùtí àgbàlagbà kan wà nínú fíìmù náà, Bàbá Opálábá, tí ó máa ń jókòó sí ààfin, tí ó ń fi orin àti ọ̀rọ̀ ìjìnlẹ̀ sọ òtítọ́ tí àwọn ìjòyè rò pé ọtí ni ó ń sọ ọ́. Adébáyọ̀ Fálétí, ẹni tí ó kọ Ọmọ Olókùn-Ẹṣin, ni ó ṣe é.