Ọba Kò So: Ọ̀rọ̀ Ìyísódì Kan nínú Ìtàn Ọ̀yọ́

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni: ọba, kò, so. Wúnrẹ̀n ìyísódì kan ṣoṣo ni ó wà láàrin wọn, síbẹ̀ ẹrù tí ó rù kò kéré. Bí a bá yọ kò kúrò, ohun tí yóò ṣẹ́kù ni ẹ̀sùn tí àwọn adóṣù Ṣàngó kì í fi ẹnu ara wọn sọ: ọbá so.

Ìtàn náà kò ṣàjèjì sí wa. Nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ parí ní 1897, ṣùgbọ́n tí a kò tẹ̀ jáde títí di 1921, Ṣàngó dán oògùn tí ń fa àrá wò. Àrá náà ja ààfin rẹ̀, ó sì pa púpọ̀ nínú àwọn aya àti ọmọ rẹ̀. Ìbànújẹ́ mú kí ó fi oyè sílẹ̀. Àwọn tí ó bá a jáde padà lẹ́yìn rẹ̀ lọ́nà, òun náà sì gbẹ̀mí ara rẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ẹ̀gàn ń dùn lọ sí ilẹ̀ Ìbàrìbá, wọ́n lọ kọ́ bí a ti ń fa àrá. Nígbà tí iná bẹ̀rẹ̀ sí í jó ilé, ẹnu àwọn ẹlẹ́gàn wọhò. Duro Ladipo gba ọ̀nà Tìmì àti Gbọ̀ńkáà wọ inú ìtàn yìí nínú eré rẹ̀ ti 1963, ṣùgbọ́n gbólóhùn kan náà ni ó fi ṣe àkọlé.

Ẹ jẹ́ kí a wo iṣẹ́ tí kò ń ṣe. Lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ lọ́jíìkì, láti ìgbà Aristotle wá, ọ̀rọ̀ náà kò le: bí gbólóhùn bá jẹ́ òótọ́, ìyísódì rẹ̀ irọ́ ni, bí ó bá jẹ́ irọ́, ìyísódì rẹ̀ òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò jí lówùúrọ̀ tí yóò bọ́ sí ìta gbangba kí ó máa kígbe pé ‘Baba mi kò jalè’, àfi bí ẹnì kan bá ti pe baba náà ní olè. Ìyísódì a máa fa ìdàkejì rẹ̀ lọ́wọ́ wá. Gottlob Frege, ará Jámánì, tẹnu mọ́ ọn nínú àròkọ rẹ̀ lórí ìyísódì (1918) pé bí a bá sẹ́ èrò kan, a kò fọ́ èrò náà. Odidi ni ó wà síbẹ̀. Ẹni tí ó ń ké pé ọba kò so ni ó ń bá wa tọ́jú ẹ̀sùn náà láti ìrandíran. Bóyá bí wọ́n bá dákẹ́ ni, a ò bá ti gbàgbé.

Ẹ sì wo bí wọ́n ti mọ ọ̀rọ̀ yàn tó. Wọn kò sọ pé ‘Ọba kọ́ ni ó so’, nítorí èyí ti gbà pé ẹnì kan so, ó ku kí a máa wá onítọ̀hún. Wọn kò sọ pé ‘Ọba kì í so’. Bí òfin ni ìyẹn ìbá rí, Ọ̀yọ́ ni ìbá sì kọ́kọ́ sọ ọ́ di irọ́, ìlú tí Ọ̀yọ́ Mèsì ti lè kọ ọba, kí ọba náà sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ gba ikú. Ohun tí ojú rí nígbà Baṣọ̀run Gáà, títí Abíọ́dún fi ṣẹ́gun rẹ̀ ní 1774, tó ẹ̀rí. Kò ni wọ́n mú: ọba yìí, ní ọjọ́ yẹn, kò so. Agbẹjọ́rò tí ó gbọ́n kò lè sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn kan wà, síbẹ̀, tí wọ́n ní kò sí ìyísódì níbẹ̀ rárá. Kòso ni orúkọ ìlú. Oyè ni Ọba Kòso, bí Ọba Adó. Pierre Verger, ẹni tí ó fi Bahia ṣe ilé, mú irú ìtàn yìí wá nínú Orixás (1981): Ṣàngó kọ́kọ́ tẹ̀dó sí Kòso, àwọn ará ibẹ̀ kọ̀ ọ́, ó sì fi agbára jọba lé wọn lórí. Johnson pàápàá sọ fún wa pé Kòso ni a ti ń dé Aláàfin ládé.

Gírámà ní ohun tí ó lè sọ sí i. Bí ọ̀rọ̀-orúkọ tí kọ́ńsónáǹtì bẹ̀rẹ̀ bá yán òmíràn, fáwẹ́lì ìparí èyí àkọ́kọ́ a máa fà: ọmọ ọ Táíwò, ilé e Bọ́lá. Ọba a Kòso ni ó yẹ kí oyè náà jẹ́ lẹ́nu. Níwájú kò, fífà kò sí. Mo sì lọ dẹ etí sí àwọn ẹlẹ́gùn lọ́dún kan. Ìlù bàtá kò jẹ́ kí n gbọ́ ìyàtọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan, ọmọ ilé Ṣàngó, rẹ́rìn-ín sí mi: ‘Ẹ̀yin olùkọ́ ni ẹ ń gbọ́ méjì, sà. Ọ̀kan ni àwa ń gbọ́.’

Èrò tèmi ni pé orúkọ ìlú ni ó ṣáájú. Ó rọrùn kí ẹni tí a ń gàn gbọ́ ìdáláre nínú orúkọ tí ó ti wà nílẹ̀ ju kí ó fi ìdáláre sọ odidi ìlú lórúkọ. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, àwọn ọ̀rẹ́ Ṣàngó kò purọ́; wọ́n kàn gbọ́ kò níbi tí kò sí ni.

Ní Brazil, Obá Kossô ni àwọn onílé Candomblé ń kọ ọ́. Ẹni tí yóò bá tú u sí èdè Potogí ní láti mú ọ̀kan: yálà kí ó fi não sí i, kí ọba má so, tàbí kí ó fi orúkọ ìlú sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì ní ìdí láti béèrè bóyá ó so.